Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ta Ló Jẹ Àkàrà Olùkọ́?

Ní oṣù tó kọjá, a sọ ní ojú ìwé yìí pé ọmọ ilé-ìwé lè kọ́ sáyẹ́ǹsì ìwádìí ọ̀ràn, ìyẹn ìmọ̀ tí àwọn ọlọ́pàá àti ilé ẹjọ́ fi ń wá òtítọ́ nídìí ọ̀ràn, kódà bí ilé-ìwé rẹ̀ kò bá ní yàrá àyẹ̀wò. Láti ìgbà náà ni lẹ́tà ti ń wọlé. Mo yan mẹ́fà nínú wọn. Mo gé àwọn kan kúrú, mo sì yọ orúkọ àwọn tó kọ wọ́n kúrò, ṣùgbọ́n ìbéèrè wọn wà bí wọ́n ṣe bi í.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, olóòtú. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ni mí ní ilé-ìwé girama kan nítòsí Ìsẹ́yìn. Akẹ́kọ̀ọ́ 54 ló wà ní kíláàsì JSS 2 tí mo ń kọ́. A kò ní yàrá àyẹ̀wò, iná mànàmáná kì í sì í dúró. Ohun tí ẹ kọ wù mí, ṣùgbọ́n n kò mọ ibi tí mo lè ti bẹ̀rẹ̀, n kò sì fẹ́ kí ó di eré lásán. Kí ni mo lè fi ohun tó wà ní ọjà àti ní ilé ìdáná ṣe? — Olùkọ́ kan, Ìsẹ́yìn

ÌDÁHÙN: Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìfaradà ọmọ 54. Ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́ ni pé kí ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí ìtẹ̀ka, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni gbogbo ọmọ yóò máa pariwo lé lórí. Ibi ìṣẹ̀lẹ̀ àti ìwé àkọsílẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Kí àwọn ọmọ tó dé ní òwúrọ̀, ẹ gbé tábìlì kan sí iwájú kíláàsì, kí ẹ fi okùn yí i ká, kí ẹ sì gbé àwo òfìfo tí òróró àkàrà ṣì wà lára rẹ̀ sórí tábìlì náà, pẹ̀lú ife onígíláàsì kan tí ẹnì kan ti dì mú, ẹ̀tù funfun díẹ̀ tó dà sílẹ̀, àti ìwé ìnuwọ́ funfun tí a fi máákà dúdú kọ “Ẹ ṣeun, ó dùn” sí. Ní ilẹ̀, ẹ gbé páànù yanrìn tútù kan tí ojú bàtà wà nínú rẹ̀. Ìtàn náà kò ju pé ẹnì kan jẹ àkàrà olùkọ́ lọ. Kí afurasí jẹ́ olùkọ́ mẹ́rin tó yọ̀ǹda ara wọn tinútinú, kí ó má ṣe jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ìdí rẹ̀ yóò hàn nínú lẹ́tà kẹta.

Ní gbogbo àkókò ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọwọ́ kan ohunkóhun. Ẹ pín àwọn ọmọ sí ẹgbẹ́ mẹ́sàn-án, ẹni mẹ́fà mẹ́fà: kí ẹnì kan ya àwòrán, kí ẹni méjì fi rúlà wọn bí ohun kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà sí ògiri méjì, kí ẹnì kan máa kọ aago, kí àwọn tó kù sì máa yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ohun tí wọ́n kọ bá ohun tí ojú rí mu. Ẹ ó rí i pé ọ̀pọ̀ ọmọ ni yóò kọ ọ́ pé ẹnì kan mu omi nínú ife náà, nígbà tí ohun tí wọ́n rí kò ju pé ife wà níbẹ̀, tí kò sì sí nǹkan nínú rẹ̀. Ẹ dá wọn dúró níbẹ̀. Ohun tí a rí yàtọ̀ sí ohun tí a rò, ojú ìwé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni kí wọ́n máa kọ wọ́n sí. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ni ẹ ráyè kọ́ wọn ní gbogbo sáà yìí, èyí ni kí ẹ kọ́ wọn, kí ẹ sì jẹ́ kí ìyókù lọ.

Lẹ́yìn èyí ni kí wọ́n tó kó ẹ̀rí. Ohun gbígbẹ lè wọ inú ọ̀rá, ṣùgbọ́n inú àpòòwé ni kí ohun tó bá tutù wọ̀, nítorí ọ̀rá máa ń há omi mọ́ra, ohun tó wà nínú rẹ̀ yóò sì bu. Lára àpò kọ̀ọ̀kan ni kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó kó ẹ̀rí náà sí, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago, kí ẹnikẹ́ni tí ó bá sì gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn fọwọ́ sí i. Ẹ lè rò pé èyí ti pọ̀ jù fún ọ̀ràn àkàrà, ṣùgbọ́n agbẹjọ́rò tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í kọ́kọ́ bá ẹ̀rí jà. Ọwọ́ ẹni tí ẹ̀rí náà ti wà láti ọjọ́ tí wọ́n ti kó o ni yóò kọ́kọ́ béèrè. Edmond Locard, ará Faransé tó dá yàrá àyẹ̀wò ọlọ́pàá sílẹ̀ ní ìlú Lyon ní ọdún 1910, ni a mọ ọ̀rọ̀ náà mọ́, pé ẹni tó bá wọ ibì kan yóò fi nǹkan sílẹ̀ níbẹ̀, yóò sì mú nǹkan kúrò níbẹ̀. Àwọn ọdẹ wa ti ń ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ nínú igbó kí wọ́n tó bí Locard: koríko tó tẹ̀, ìrì tó gbọ̀n dànù, ẹrẹ̀ tó ti ń gbẹ lójú ipasẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló ń sọ ẹran tó kọjá àti ìgbà tí ó kọjá. Bí bàbá ọdẹ kan bá wà ní àdúgbò yín, ẹ pè é wá sí kíláàsì fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Yóò kọ́ wọn ju èmi lọ.

Ọ̀rọ̀ ìwé ìnuwọ́ ló kàn. Kí olùkọ́ afurasí kọ̀ọ̀kan mú máákà dúdú tirẹ̀ wá, kí máákà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ ti ilé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, irú èyí tí omi lè yọ́ yíǹkì rẹ̀. Ẹ gé ìwé ìnuwọ́ kan náà ní tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ fi máákà kọ̀ọ̀kan tọ́ ọ ní àmì kan, ní sẹ̀ǹtímítà méjì sí ìsàlẹ̀, kí ẹ sì fi igi gbé e kọ́ sínú ife tí omi rẹ̀ kò tó sẹ̀ǹtímítà kan, kí etí ìwé kan omi ṣùgbọ́n kí omi má ṣe kan àmì náà. Omi yóò máa gòkè, yóò sì máa fa yíǹkì lọ, ṣùgbọ́n àwọn àwọ̀ tó para pọ̀ di dúdú kò ní rìn bákan náà: dúdú kan lè tú sí àwọ̀ aró àti ìyeyè, kí òmíràn sì tú sí elése àlùkò àti pupa. Kí àwọn ọmọ wọn bí àwọ̀ kan ṣe gòkè tó, kí wọ́n sì fi bí omi ṣe gòkè tó pín in. Bí àwọ̀ bá gun sẹ̀ǹtímítà 3 nígbà tí omi gun 6, iye rẹ̀ jẹ́ 0.5. Ọ̀nà yìí ni Mikhail Tsvet, onímọ̀ ewéko ará Rọ́ṣíà, fi ya àwọn àwọ̀ inú ewé sọ́tọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ẹ̀tù ṣọ́ọ̀kì ni òun kì sínú ọ̀pá gíláàsì dípò ìwé. Báírò lásán kò ní yọ́ nínú omi, spirit tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì ni ẹ ó lò fún un, iná kò sì gbọdọ̀ sí nítòsí.

Fún ẹ̀tù funfun, ẹ wá iyọ̀, béékìn sódà, sítáàṣì, káún lílọ̀ àti ṣọ́ọ̀kì lílọ̀. Ohun ìdánwò yín ni omi, omi ọsàn wẹ́wẹ́, áyódíìnì tí wọ́n fi ń tọ́jú egbò, àti omi zobo tí a kò fi ṣúgà sí. Áyódíìnì yóò sọ sítáàṣì di dúdú bí aró, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò ṣe sí gàrí àti èlùbọ́. Omi ọsàn yóò mú kí béékìn sódà àti káún hó yaya, ṣọ́ọ̀kì náà sì lè hó, nítorí náà híhó nìkan kò tó fi dájọ́: sódà yóò yọ́ nínú omi, ṣọ́ọ̀kì kò ní yọ́. Zobo pupa yóò yí padà sí àwọ̀ tó fẹ́ jọ ewé bí ó bá kan sódà tàbí káún. Ẹ kọ́kọ́ dán gbogbo rẹ̀ wò nílé, nítorí irú ṣọ́ọ̀kì kan wà tí kì í hó rárá. Ohun kan náà tó wà nínú POP, ẹ̀tù funfun tí àwọn oníṣẹ́ fi ń ṣe àjà ilé, ni wọ́n fi ṣe é. Ọmọ kankan kò gbọdọ̀ fi ẹnu tọ́ ẹ̀tù wò, kódà bí ó bá búra pé iyọ̀ ni.

POP náà ni ẹ ó dà sí ojú bàtà inú yanrìn. Ife POP méjì sí ife omi kan ni kí ẹ pò, kí ẹ rọra dà á, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán. POP máa ń gbóná bí ó bá ń le. Ní ọdún 2007, ọmọbìnrin kan ní ilé-ìwé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọwọ́ rẹ̀ bọ inú rẹ̀ láti fi ṣe iṣẹ́ ọnà, ó sì pàdánù ọ̀pọ̀ ìka rẹ̀, nítorí náà igi ni kí wọ́n fi rò ó. Bí ojú ẹsẹ̀ bá ti wà lọ́wọ́ yín, ìṣirò wọlé dé: gígùn ẹsẹ̀ sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí 15 nínú ọgọ́rùn-ún gíga ènìyàn, tí ó fi jẹ́ pé ẹsẹ̀ tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 24 ń tọ́ka sí ẹni tó ga ní nǹkan bí 160. Ẹ wọn ọmọ 54 náà, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n rí iye ìgbà tí ìṣirò yìí kùnà, àti bí bàtà ṣe ń fi kún gígùn ẹsẹ̀.

Ìtẹ̀ka wá kù. Ẹ lọ èédú kúnná fún ohun tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ lo àtíkè fún ohun dúdú, kí ẹ sì fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tí àwọn obìnrin fi ń kun ojú rọra gbá a lórí ife. Òógùn àti ọ̀rá ara tí ìka fi sílẹ̀ ni ẹ̀tù náà ń lẹ̀ mọ́. Bí ìtẹ̀ka kò bá jáde, kí ẹni náà kọ́kọ́ fi ìka nu iwájú orí rẹ̀ kí ó tó di ife mú. Sẹ́lótéèpù ni ẹ ó fi gbé e sórí ìwé. Fún ìtẹ̀ka àwọn afurasí, ẹ fi pẹ́ńsùlù kun ìwé títí yóò fi dúdú, kí wọ́n fi ìka ra á, kí ẹ lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ìka náà, kí ẹ sì ṣí i sórí ìwé funfun. Oríṣi mẹ́ta ni wọn yóò rí: ìlà tó jáde lọ tó sì ṣẹ́rí padà sí ibi tó ti wá, èyí tó ń jẹ́ nǹkan bí 60 sí 65 nínú ọgọ́rùn-ún, ìlà tó yí po bí omi tó ń pòyì, tó jẹ́ nǹkan bí 30, àti ìlà tó kàn tẹ̀ bí ọrun ọdẹ láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, tí kò ju nǹkan bí 5 lọ. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fún un ní orúkọ tiwọn. Ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń to ìtẹ̀ka sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Calcutta ní ilẹ̀ Íńdíà ní ọdún 1897, Azizul Haque àti Hem Chandra Bose ni wọ́n sì ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ orí rẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ ọ̀gá wọn, Edward Henry, ni ayé fi ń pe ọ̀nà títò náà títí di òní. Mo máa ń sọ èyí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nítorí pé ó yẹ kí ẹni tó ń kọ́ nípa ẹ̀rí mọ bí àkọsílẹ̀ ṣe lè gbé iṣẹ́ ẹnì kan fún ẹlòmíràn.

ÌBÉÈRÈ: Ìlú ìbejì ni ìlú wa. Ọmọ mẹ́fà tó jẹ́ ìbejì ló wà ní kíláàsì mi, àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn sì ń jiyàn pé ìtẹ̀ka Táyéwò àti ti Kẹ́hìndé kò lè yàtọ̀. Ṣé òótọ́ ni? — Olùkọ́ obìnrin, Ìgbó-Ọrà

ÌDÁHÙN: Kì í ṣe òótọ́, ìyá wa, ẹ sì ní oríire tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ kò ní, nítorí pé ẹ lè fi hàn wọ́n ní ojúkorojú. Ẹ kọ́kọ́ ṣàlàyé pé ẹyin méjì ló bí ọ̀pọ̀ jù nínú ìbejì Yorùbá, wọn kò sì fi ẹ̀jẹ̀ jọra ju bí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò lásán ṣe jọra lọ. Ìbejì tí ẹyin kan ṣoṣo là di méjì kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní ọ̀dọ̀ wa ju ti ibòmíràn lọ: nǹkan bí mẹ́ta sí mẹ́rin nínú ẹgbẹ̀rún ìbímọ ni kárí ayé. Àwọn wọ̀nyí ni àyẹ̀wò DNA lásán, ìyẹn àyẹ̀wò ohun tí ọmọ jogún sínú ara láti ọ̀dọ̀ òbí, kò lè yà sọ́tọ̀. Ìtẹ̀ka lè yà wọ́n, nítorí inú oyún ni ìlà ìka ti ń hù, kí oyún tó pé oṣù mẹ́fà ni ó sì ti ń parí, bí ọmọ ṣe dùbúlẹ̀ àti bí omi inú ilé ọmọ ṣe ń tẹ ìka sì máa ń nípa lórí rẹ̀. Oríṣi ìlà wọn lè jọra, ṣùgbọ́n ibi tí ìlà kan ti dópin àti ibi tí òmíràn ti là sí méjì bí oríta kò ní bára mu.

Bí ẹ kò bá ní awò tí ń mú ohun kékeré tóbi, ẹ ra bàlúùnù tí àwọn ọmọdé ń fẹ́. Kí Táyéwò fi yíǹkì ra ìka, kí ó tẹ̀ ẹ́ sára bàlúùnù tí a kò tíì fẹ́, kí Kẹ́hìndé ṣe bẹ́ẹ̀ sí òmíràn, kí ẹ sì wá fẹ́ méjèèjì. Ìlà ìka wọn yóò tóbi tó bí àwòrán ara ògiri, àríyànjiyàn yóò sì parí.

ÌBÉÈRÈ: Owó ìdánwò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kíláàsì kan dá jọ sọnù nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì wa ti kọ́ wọn bí a ṣe ń fi àtíkè gbé ìtẹ̀ka. Ǹjẹ́ a kò lè gba ìtẹ̀ka gbogbo ọmọ kíláàsì náà, kí a sì fi mú olè? — Ọ̀gá ilé-ìwé kan, Ìjẹ̀bú-Òde

ÌDÁHÙN: Rárá, ọ̀gá. Mo mọ̀ pé ó ń dùn yín, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe é.

Ìtẹ̀ka máa ń sọ pé ìka kan ti kan ibì kan. Kì í sọ ọjọ́ tí ó kàn án, kì í sì í sọ ohun tí ìka náà wá ṣe. Dúrọ́ọ̀ tó wà nínú kíláàsì, ta ni kò ṣí i rí? Ẹ lè dán an wò: kí ẹni mẹ́wàá di ife kan mú lọ́kọ̀ọ̀kan láàárín òwúrọ̀ sí ọ̀sán, kí ẹ sì ní kí kíláàsì sọ ẹni tó kọ́kọ́ dì í mú. Wọn kò ní lè sọ ọ́.

Àṣìṣe wà nínú ìfiwéra pàápàá. Lẹ́yìn tí àdó olóró dún nínú ọkọ̀ ojú irin ní Madrid ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 2004, àwọn ògbóǹtarìgì FBI, ilé iṣẹ́ ìwádìí ọ̀ràn ti ìjọba Amẹ́ríkà, sọ pé ìtẹ̀ka tí wọ́n rí lára ọ̀rá kan jẹ́ ti agbẹjọ́rò kan ní ìpínlẹ̀ Oregon. Wọ́n tì í mọ́lé fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì kí àwọn ọlọ́pàá Sípéènì tó fi hàn pé ẹlòmíràn ló ni ìka náà, ìjọba Amẹ́ríkà sì padà san mílíọ̀nù méjì dọ́là fún un. Ní ọdún 2006, Itiel Dror, onímọ̀ nípa bí ọpọlọ ènìyàn ṣe ń ṣiṣẹ́, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde ìdánwò kan jáde, nínú èyí tí wọ́n mú ìtẹ̀ka tí ògbóǹtarìgì márùn-ún ti fọwọ́ sí ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn pé ó bára mu, tí wọ́n sì tún gbé e fún àwọn kan náà, ṣùgbọ́n tí wọ́n sọ fún wọn pé ìtẹ̀ka àṣìṣe Madrid nì ni. Mẹ́rin nínú márùn-ún yí ohùn padà. Bí ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ sí etí ògbóǹtarìgì bá lè yí ojú rẹ̀ padà báyìí, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ọdún mẹ́tàlá tí ó ti ní ẹni tí kò fẹ́ràn nínú kíláàsì? Nínú òfin ẹ̀rí wa ti ọdún 2011, abala 68, ẹni tó ní ìmọ̀ àkànṣe nìkan ni ilé ẹjọ́ ń gba èrò rẹ̀ lórí ìtẹ̀ka, òfin ààbò ìsọfúnni ti ọdún 2023 sì ka ìtẹ̀ka mọ́ ohun tó nílò ìṣọ́ra gidigidi. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ẹnìkandá, òṣìkà ènìyàn ni. Ti ẹni tí kò gbọ́ ẹjọ́ ẹnikẹ́ni, tó jẹ́ pé àtíkè ló gbọ́ tirẹ̀, burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ tí ẹ bá pè ní olè lọ́jọ́ náà yóò máa jẹ́ orúkọ yẹn títí yóò fi jáde.

Ẹ pe àwọn òbí, ẹ ra kọ́kọ́rọ́ fún dúrọ́ọ̀, bí owó náà bá sì pọ̀, ẹ fi tó ọlọ́pàá létí. Ní ti kíláàsì, kí olùkọ́ yín dá ìtẹ̀ka ọmọ kọ̀ọ̀kan padà fún un ní ìparí ẹ̀kọ́, kí ó mú un lọ sílé tàbí kí ó fà á ya. Bí ó bá fẹ́ ṣe ìdánwò Dror, kí ó pín kíláàsì sí méjì, kí ó fún wọn ní ìtẹ̀ka kan náà láti fi wéra, kí ó sì sọ fún apá kan ṣoṣo pé afurasí ti jẹ́wọ́. Kí wọ́n wá ka ìdáhùn ẹgbẹ́ méjèèjì síta.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé kì í ṣe pé a ń kọ́ àwọn ọmọ bí wọn yóò ṣe fi ẹ̀ṣẹ̀ wọn pamọ́? N kò sì fẹ́ kí ọmọ mi máa wo ẹ̀jẹ̀. — Òbí kan, Agége

ÌDÁHÙN: Ọmọ tó bá fẹ́ mọ̀ pé ìbọ̀wọ́ ń bo ìtẹ̀ka ti rí i nínú tẹlifíṣọ̀n kí olùkọ́ tó dé. Ní ti ẹ̀jẹ̀, mo wà lẹ́yìn yín. Ẹ̀jẹ̀ ènìyàn kò gbọdọ̀ wọ kíláàsì rárá nítorí kòkòrò HIV àti ti àrùn mẹ́dọ̀wú, kò sì sí ìdí tí ìtàn kíláàsì fi gbọdọ̀ ní òkú nínú. Àkàrà tó sọnù ti tó.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Peckham ní London ni mò ń gbé. Olùkọ́ ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, sọ fún wọn pé egungun lè sọ ibi tí ènìyàn ti dàgbà. Ọmọ náà dé, ó ní òun kà nípa ọmọkùnrin kan tí wọ́n rí nínú odò Thames, pé ọmọ ilẹ̀ wa ni. N kò mọ ohun tí mo lè sọ. Ṣé òtítọ́ ni, ǹjẹ́ iṣẹ́ kan sì wà tí a lè ṣe nílé lórí rẹ̀? — Ìyá kan, London

ÌDÁHÙN: Òtítọ́ ni, ìyá wa, ó sì ṣòro láti sọ. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹsàn-án ọdún 2001 ni wọ́n rí òkú ọmọkùnrin kékeré kan nínú odò náà, láìsí orí, láìsí ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Kò sí ojú tí wọn yóò fi dá a mọ̀, kò sí ìka tí wọn yóò tẹ̀, kò sì sí ẹni tó wá béèrè rẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá sọ ọ́ ní Adam kí ó má bàa jẹ́ aláìlórúkọ. Egungun rẹ̀ ni wọ́n bi léèrè. Èròjà kan tí ń jẹ́ strontium wà nínú àpáta. Láti inú àpáta ni ó ti ń wọ ilẹ̀, láti inú ilẹ̀ ni ó ti ń wọ omi àti ohun ọ̀gbìn, ẹni tó bá sì ń jẹ ohun ọ̀gbìn náà tí ó sì ń mu omi náà yóò gbé àmì àpáta ibẹ̀ sínú egungun rẹ̀. Àmì tó wà nínú egungun Adam jẹ́ ti ilẹ̀ tó ní àpáta àtayébáyé, irú èyí tí Olúmọ àti àwọn òkè Ìdànrè jẹ́. Àwọn olùwádìí lọ kó ilẹ̀ àti àwọn nǹkan mìíràn jọ ní Nàìjíríà láti fi wé e, wọ́n sì dín agbègbè náà kù sí ìhà àárín Ìbàdàn sí ìlú Benin.

Fún ọmọ ọdún mẹ́tàlá, mo rò pé ẹ lè sọ ọ́ ní ṣókí bí mo ti sọ ọ́ yìí, kí ẹ sì jókòó tì í bí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ síwájú sí i. Fún àwọn àbúrò rẹ̀, ẹ má tíì sọ ọ́.

Iṣẹ́ tí ẹ lè ṣe nílé ni ti ilẹ̀. Ẹ bu ilẹ̀ díẹ̀ láti ibi mẹ́ta: ẹ̀yìnkùlé yín, pápá ìṣeré, àti etí odò. Ẹ sá wọn gbẹ, kí ọmọ kọ àwọ̀ wọn sílẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, kí ó fi mágínẹ́ẹ̀tì tí a wé mọ́ inú ọ̀rá kọjá lórí wọn láti mọ èyí tó ní irin nínú. Lẹ́yìn náà, kí ó da ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ìgò omi, kí ó gbọ̀n ọ́n dáadáa, kí ó sì gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì. Yanrìn yóò kọ́kọ́ rì, amọ̀ yóò wà lókè, ìgò kọ̀ọ̀kan yóò sì ní ìlà tirẹ̀. Nígbà náà ni kí ẹ fún un ní ilẹ̀ kẹrin tí ẹ ti bù ní ìkọ̀kọ̀ láti ọ̀kan nínú ibi mẹ́ta náà, kí ó sọ ibi tí ó ti wá. Ẹ jẹ́ kí ó kọ bí ó ṣe dá a lójú tó, kí ẹ tó sọ ìdáhùn.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Akẹ́kọ̀ọ́ SS 1 ni mí. Mo fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí bí mo bá dàgbà. Irú ẹ̀kọ́ wo ni kí n mú, ṣé ibi iṣẹ́ wà ní Nàìjíríà, kí sì ni mo lè máa ṣe báyìí? — Akẹ́kọ̀ọ́, Òṣogbo

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, mú kẹ́místrì, báyọ́lọ́jì, fíṣíìsì àti ìṣirò, má sì fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú èdè Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé adájọ́ ni yóò ka ìwé tí o bá kọ, adájọ́ kì í sì í ṣe onímọ̀ kẹ́místrì. Ibi iṣẹ́ wà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò tó. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ṣí ilé àyẹ̀wò DNA àti ìwádìí ọ̀ràn ní ọdún 2017, ṣùgbọ́n àwọn jàǹdùkú ya wọ inú rẹ̀ nínú rògbòdìyàn oṣù kẹwàá ọdún 2020, wọ́n sì bà á jẹ́. Ohun tó máa ń dùn mí ni pé ilé tí ì bá yọ aláìṣẹ̀ kúrò lẹ́wọ̀n ni.

Mo ní ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Alec Jeffreys rí ọ̀nà àyẹ̀wò DNA ní yunifásítì Leicester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1984. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá gbé e lọ sí ìdí ọ̀ràn ìpànìyàn àkọ́kọ́, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún kan ti wà ní àhámọ́, ó sì ti jẹ́wọ́. Àyẹ̀wò fi hàn pé kì í ṣe òun. Ọdún 1988 ni ilé ẹjọ́ tó rán ẹni tó ṣe é gan-an lọ sí ẹ̀wọ̀n.

Ní ti ohun tí o lè ṣe báyìí, fi ojú ara rẹ wo DNA ní òpin ọ̀sẹ̀ yìí. Gún ìdajì ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó pọ́n dáadáa kúnná, po ọṣẹ olómi ṣíbí kan àti iyọ̀ díẹ̀ mọ́ ìdajì ife omi, dà á sí i, kí o sì rò ó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìjẹ́ kí ó hó. Fi asẹ́ tàbí aṣọ funfun sẹ́ ẹ sínú ife onígíláàsì tóóró. Kí spirit ti wà nínú omi tútù tàbí fíríìjì láti òwúrọ̀. Rọra dà á sí ẹ̀gbẹ́ ife kí ó lè léfòó sórí omi ọ̀gẹ̀dẹ̀, má ṣe pò ó. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ohun funfun kan bí òwú yóò máa gòkè wá láàárín méjèèjì. Fi igi ìtayín wé e jáde, ya àwòrán rẹ̀, kọ ọjọ́ àti aago sí i, kí o sì fi ránṣẹ́ sí mi.